Jímọ̀ Tó Tètè Dé

Àṣìṣe náà kò ju ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú ààwẹ̀ ọdún 1995, iná dé sí ilé iṣẹ́ kan ní Marina, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Láti ọ̀sán ni iná ọ̀hún ti lọ. Kọ̀ǹpútà àgbà tó wà ní àjà kẹrin jí, ó sì béèrè ohun tó máa ń béèrè nígbàkígbà tó bá jí: ọjọ́ wo la wà? Hàwáwù Ṣàíbù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ẹní ìkírun rẹ̀, tẹ ọjọ́ Jímọ̀ fún un. Ó pa iná yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gba ilé lọ.

Àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Marina máa ń ní oorun ló ń kùn ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ là kedere. Àwọn mìíràn ní ebi ààwẹ̀ ló dà á lọ́kàn rú. Ìyẹn náà kò tọ̀nà, nítorí ó ti fi omi àti dàbínù ṣínu kí iná tó dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ọjọ́ kì í dúró de ọ̀gànjọ́ kí ó tó yí padà, bẹ́ẹ̀ ni kì í dúró de àfẹ̀mọ́júmọ́. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ ti yí nìyẹn. Alẹ́ tí gbogbo Marina ń pè ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, alẹ́ Jímọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn. Alẹ́ náà ni bàbá rẹ̀ máa ń da lọ́fínńdà sí àtẹ́lẹwọ́, tí á fi pa ọrùn àwọn ọmọ ilé, tí wọ́n á sì dárúkọ àwọn òkú wọn nínú àdúà. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé bí bàbá òun bá ti pe ìrun Mágàríbì tán, ọ̀la ti wọlé, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá náà ni gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Ládàánì, torí òun ni ó ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí kékeré tó wà nínú agbo ilé wọn. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ó máa ń rìn jìnnà, bí èéfín tó ń wá ojú fèrèsé kiri. Tí ààwẹ̀ bá dé, gbogbo agbo ilé ló ń fi ohùn yìí ṣínu. Wọ́n á ti gbé omi sílẹ̀, ògì á ti wà nínú abọ́, àwọn ọmọ á ti tẹjú mọ́ àkàrà, bàbá á sì dúró lórí àtẹ̀gùn mọ́sáláṣí, á máa wo ọ̀run. Oòrùn á ti wọ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kò sì ní í pè é. Àwọn ìyá ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe.

"Bàbá Ládàánì, ṣé ẹ fẹ́ ká gbààwẹ̀ mọ́jú ni?"

"Ẹ ṣe sùúrù. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀, ebi lásán ni mo fi kún ebi yín. Bí mo bá yá díẹ̀, ààwẹ̀ gbogbo ilé ni mo bà jẹ́."

Kò sí ọdún kan tí kò sọ ọ́. Hàwáwù ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò gbọ́ ọ mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbé lẹ́bàá omi kì í ṣe í gbọ́ ìró omi.

Ní ọdún 1988 ló wọ ilé iṣẹ́ náà, atẹ̀wé ni wọ́n gbà á sí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Ọ̀gá Adéníyì tó ni ilé iṣẹ́ ra àwọn kọ̀ǹpútà tí wáyà so mọ́ ara wọn, ó sì gbé èyí tó jẹ́ olórí wọn sí yàrá kan ní àjà kẹrin, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù tí kì í sinmi níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà. Wọ́n wá ẹni tí yóò máa jókòó tì í. Àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì ní òtútù ibẹ̀ ń wọ àwọn léegun. Àdìjátù tó ń tẹ̀wé nísàlẹ̀ ní òun kò lè gbé ibi tí òun kò ti ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Hàwáwù gbé kádígàn àtijọ́ bàbá rẹ̀ wọ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ mọ́.

Nítorí yàrá náà ní fèrèsé kan. Ó gùn, ó dojú kọ omi, àwọn ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí Apápá sì hàn láti ibẹ̀ bí ilé tí ẹnì kan gbé kalẹ̀ tí ó gbàgbé láti wá kó. Nílé, àwọn mẹ́fà ló ń sùn nínú yàrá kan. Wọn kò tíì fún un láǹfààní rí láti gbọ́ ọkàn ara rẹ̀. Níbí, ohun tó ń ró kò ju ìkùn ẹ̀rọ lọ, ìkùn kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, tó máa ń jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé yàrá náà fúnra rẹ̀ ń rìn lórí omi lọ síbì kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí ẹni tó ń wà á. Nígbà mìíràn á jókòó, ojú rẹ̀ á là, á sì máa lá àlá.

Kí a ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ó kàn ń ṣọ́ ẹ̀rọ kí ole má gbé e ni. Ètò tí ilé iṣẹ́ náà fi ń kọ ìwé ẹrù kì í ṣe tiwọn. Àwọn kan ní London ló ni ín, wọ́n sì fún wọn ní láísẹ́ǹsì rẹ̀ lọ́dọọdún, pé ẹni mẹ́wàá péré ló gbọ́dọ̀ máa lò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ sì ju mẹ́wàá lọ dáadáa. Nítorí náà, àwọn ará London fi ètò kékeré kan sínú kọ̀ǹpútà àgbà tí yóò máa ka àwọn tó wọlé. Bí mẹ́wàá bá pé, ẹni tó bá tún dé á dúró síta títí ẹnì kan yóò fi jáde. Ẹ̀ṣọ́ ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Hàwáwù ló ń tọ́jú Ẹ̀ṣọ́. Òun ló ń fi díìsìkì tuntun sí i bí ọdún bá yí. Òun ló sì ń wo ẹni tó gba àyè tí kò lò ó, tí á yọ ọ́, tí á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Tẹlifóònù rẹ̀ kì í sinmi.

"Àǹtí Hàwáwù, ẹ dákun, ẹ lé ẹnì kan jáde fún mi."

"Àdìjátù, ta ni kí n lé?"

"Ẹ lé Káyọ̀dé. Ó ti lọ jẹ ìrẹsì láti àná. Kóòtù rẹ̀ nìkan ló jókòó síbẹ̀."

"Kóòtù kì í lo láísẹ́ǹsì."

"Ẹ lé kóòtù náà, jọ̀ọ́."

Hàwáwù á rẹ́rìn-ín, á yọ orúkọ Káyọ̀dé, orúkọ Àdìjátù á sì hàn níbẹ̀. Ó máa ń rí i bí ẹni pé àwọn ènìyàn ń wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan lọ sódì kejì, mẹ́wàá mẹ́wàá, tí òun sì dúró ní èbúté, tí òun ń na ọwọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan wà tí Ẹ̀ṣọ́ kì í fi ṣeré. Ohun náà ni aago. Aago ló fi ń mọ̀ bí ọdún láísẹ́ǹsì bá parí. Ẹni tó bá fẹ́ jí ọjọ́ lò, aago ló máa dá padà sẹ́yìn. Bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà àgbà, tó yẹ kó máa rántí àsìkò tí iná bá lọ, ti kú láti bí ọdún kan, oníṣẹ́ ẹ̀rọ sì ní ó ti lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ, kò ṣe é yọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà fi ń béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá jí i, tó sì ń gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un gbọ́ bí ọmọdé.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Àdìjátù sáré gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin, ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan o. Sátidé ló kọ sórí ìwé yìí. Ṣé a ti sun Jímọ̀ kọjá ni?"

Hàwáwù wo ìwé náà, ó rántí ẹní ìkírun tó ká lálẹ́ àná, ojú sì tì í. Ojú tó tì í yìí ló sọ àṣìṣe kékeré di ńlá. Bó bá jẹ́ pé ó jókòó rò ó ni, kì bá má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ tún un ṣe kí ẹlòmíràn tó rí i, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá aago padà sí Jímọ̀.

Lójú ẹsẹ̀, Ẹ̀ṣọ́ lé gbogbo àwọn tó wà nínú ilé jáde. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú ẹ̀rọ, ní èdè àwọn tó ni ín. Ohun tó sọ ni pé ẹnì kan ti dá aago padà. Pé òun kò ní í ṣí fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí aago yóò fi rìn kọjá ibi tí òun ti rí i dé. Pé bí wọ́n bá sì tún dá a padà lẹ́ẹ̀kejì, òun yóò tì pátápátá, ó di ìgbà tí díìsìkì tuntun bá ti London dé. Ibi tí ó ti rí i dé ni àárọ̀ Sátidé. Jímọ̀ ni wọ́n sì wà.

Kò pẹ́ tí yàrá tútù náà fi kún. Ọ̀gá Adéníyì wọlé, Káyọ̀dé akáǹtì tẹ̀lé e. Ọ̀gá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tó bá ní ó burú kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ń bọ̀ ní Apápá, ìwé gbogbo ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbà nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé èbúté kí ọ̀sán Sátidé tó pọ́n.

"Hàwáwù, ta ló tẹ ọjọ́ ọ̀la? Àbí iná ló fà á?"

Ọ̀nà àbáyọ ni ó ṣí sílẹ̀ fún un yẹn. Gbogbo nǹkan tó bá bàjẹ́ ní Marina, iná ló ń fà á, kò sì sí ẹni tó ń bi iná léèrè. Hàwáwù gbé ojú sókè.

"Iná kọ́, sà. Èmi ni. Mo kírun Mágàríbì tán ni, ọjọ́ ti yí lójú mi. Nílé wa, alẹ́ ló máa ń ṣáájú."

Káyọ̀dé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i! A ti ń gbé nínú ọ̀la láìmọ̀. Ṣé owó oṣù náà ti wọlé níbẹ̀?"

"Ọ́fíìsì mi kì í bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ rẹ̀ ní mọ́sáláṣí," ni Ọ̀gá Adéníyì wí. Kò pariwo. "Kí ni ṣíṣe báyìí?"

Káyọ̀dé mú fílọ́pì kan, díìsìkì pẹlẹbẹ, jáde nínú àpò kóòtù rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló fún òun, pé ohun tó wà nínú rẹ̀ máa pa Ẹ̀ṣọ́ pátápátá, pé ogún èèyàn, ọgbọ̀n èèyàn ló lè máa wọlé láti ìgbà náà lọ, láìsí ẹni tó máa béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ wọn. Ó kù kí Hàwáwù tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé, torí òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú pé ẹni mẹ́wàá ni," ni Hàwáwù wí. "Bí a bá sì tún ti aago síwájú, ọjọ́ irọ́ ló máa hàn lórí ìwé ẹrù. Ẹ jẹ́ ká dúró. Bí aago bá kọjá àárọ̀ ọ̀la, yóò ṣí fúnra rẹ̀. Ohun tó wí nìyẹn."

"Ṣé o ti rí i kó tì rí, kó sì ṣí?"

"Rárá, sà."

"O wá ń fi ọkọ̀ mi ta tẹ́tẹ́."

Kí a má fi òdodo nìkan ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́. Òótọ́ ni pé irọ́ tó wà nínú fílọ́pì náà kò bá a lára mu. Ṣùgbọ́n ó tún mọ ohun mìíràn: bí Ẹ̀ṣọ́ bá kú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò tún máa tọ́jú lókè, yàrá ọ̀hún á di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ṣẹ́ sí. Fèrèsé náà ló wà níwájú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan ń gba àárín omi kọjá, ó kéré bí ẹyọ ìrẹsì.

Ọ̀gá Adéníyì tẹ̀lé ojú rẹ̀ lọ síbi fèrèsé, ó sì tún padà wò ó.

"Ó dáa. Mo fún ọ di àárọ̀ ọ̀la. Bí àárọ̀ bá mọ́ tí Ẹ̀ṣọ́ ò ṣí, Káyọ̀dé á fi tiẹ̀ sí i, ìwọ á sì kó ẹrù rẹ kúrò nínú yàrá yìí. Ìsàlẹ̀ ni wàá jókòó, nídìí tẹlifóònù, kí gbogbo èèyàn lè máa rí ọ."

Jímọ̀ náà kò dà bí ọjọ́ kan. Nísàlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi báírò kọ ohun tí wọ́n lè kọ sílẹ̀, kí wọ́n lè tètè tẹ̀ ẹ́ bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Lókè, Hàwáwù jókòó ti ẹ̀rọ tó ń kùn tí kò ṣiṣẹ́. Tẹlifóònù dákẹ́. Àyè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣófo lójú ẹ̀rọ, wọ́n tò lọ ní funfun, bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún àlejò tí kò wá. Ó ronú pé ọjọ́ tí òun ti pè ṣáájú wà níbì kan, lẹ́yìn omi, ó ń bọ̀ ní ìrìn tirẹ̀, kò sì ní í yára nítorí pé òun ti dárúkọ rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé Jímọ̀ yìí kò sí nínú òǹkà. Ẹ̀rọ ti rí i lálẹ́ àná, ó ti kọjá rẹ̀. Àwọn ènìyàn nìkan ló kù tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Nígbà tí ohùn ìrun Jímọ̀ ti àárín ìlú wá gba orí òrùlé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbọ́ ọ bí ohùn tó ń bọ̀ láti ọdún mìíràn. Oòrùn yí díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ilẹ̀ yàrá kọjá, ó gun ara ògiri, ó pọ́n, ó sì ṣí lọ. Kò tíì wo ọjọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí. Ìyẹn nìkan ló rí jẹ nínú àṣìṣe rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí ó dé ilé, bàbá rẹ̀ ti wà lórí àtẹ̀gùn. Hàwáwù dúró pẹ̀lú àwọn yòókù títí bàbá fi pe ìrun. Lẹ́yìn ìrun, ó gbé ògì bàbá lọ fún un, ó sì ròyìn ohun gbogbo. Bàbá mu ògì náà tán kí ó tó fèsì.

"Ọjọ́ tí o tẹ̀ yẹn, irọ́ kọ́."

"Ó ti gbogbo ọ́fíìsì mọ́ta, bàbá mi."

"Ibi tí o ti tẹ̀ ẹ́ ni kò bá a mu. Àwọn ará ibẹ̀ kò tíì ṣínu." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àárọ̀ lo wá dá a padà?"

"Ojú ló tì mí."

"Ojú máa ń ti èmi náà lórí àtẹ̀gùn yẹn. Tí wọ́n bá ń kígbe mọ́ mi, tí ọmọ bá ń sunkún, ó máa ń ṣe mí bíi kí n kàn pè é. Má jẹ́ kí wọ́n fi igbe gbé ohùn kúrò lẹ́nu rẹ. Ó tán."

Ní àárọ̀ Sátidé, gbogbo wọn ló tètè dé. Kódà àwọn tí kì í gun òkè rárá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tútù. Aago ẹ̀rọ ń rìn lọ sí ibi tí Ẹ̀ṣọ́ dá fún un, kò kù ju ìwọ̀nba lọ mọ́, nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù mí kanlẹ̀, tí ó sì dákẹ́. Iná ti lọ. Bátìrì ńlá abẹ́ tábìlì, tó yẹ kó máa gbé ẹ̀rọ ró bí iná bá lọ, han gooro bí ẹyẹ tí wọ́n mú lọ́rùn, ó gbé kọ̀ǹpútà náà díẹ̀, ó sì sọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ẹ̀rọ dúdú.

"Ó parí," ni Káyọ̀dé wí, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Wọ́n gbọ́ tí ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ń fa okùn rẹ̀ nísàlẹ̀, tó ń fà, tó ń bú u. Nígbẹ̀yìn ó dá a lóhùn. Iná dé, ẹ̀rọ jí, ó sì béèrè: ọjọ́ wo la wà?

Hàwáwù gbé ọwọ́ lé ibi títẹ̀. Bí àsìkò tó bá tẹ̀ bá ṣáájú èyí tí Ẹ̀ṣọ́ rí gbẹ̀yìn, ì báà ṣe díẹ̀ báyìí, Ẹ̀ṣọ́ á ní wọ́n tún dá aago padà, á sì tì pátápátá. Kò sì wo aago ẹ̀rọ dáadáa kí iná tó lọ. Ó yíjú sí wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo la wà?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Sátidé," ni Ọ̀gá Adéníyì wí.

"Gbogbo yín ńkọ́?"

"Sátidé!" ni wọ́n fi ohùn kan wí, Àdìjátù sì fi kún un pé, "Tí ẹ bá fẹ́, màá búra, Àǹtí."

"Aago mélòó ló lù?"

Níbẹ̀ ni wọ́n ti yapa. Aago ọwọ́ Káyọ̀dé ló yára jù. Ti ọ̀gá lọ́ra sẹ́yìn rẹ̀, ti Àdìjátù sì lọ́ra ju ti gbogbo wọn lọ. Káyọ̀dé ní tòun ló tọ́, Switzerland ni wọ́n ti ṣe é. Àdìjátù ní ẹni tó ṣe tòun náà ní ọwọ́ méjì.

Hàwáwù ní kí Àdìjátù bọ́ tirẹ̀ fún òun. Ó gbé e sórí tábìlì, ó sì ká ọwọ́ sí àyà.

"Tẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí," ni ọ̀gá wí.

"Mo fẹ́ kí èyí tó lọ́ra jù yìí kọ́kọ́ dé ibi tí ti Káyọ̀dé wà nígbà tí mo béèrè, sà."

"Ọkọ̀ ń bọ̀, Hàwáwù!"

"Mo mọ̀, sà. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀, ìdúró lásán ni mo fi kún ìdúró yín. Bí mo bá yá díẹ̀, mo ti bà á jẹ́."

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì mọ ibi tí ó ti wá. Ẹnì kan húkọ́ níta, ẹlòmíràn pòṣé. Ó ń wo abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ara aago olówó pọ́ọ́kú yẹn, bó ṣe ń fo, bó ṣe ń fo, ó sì ṣe é bí ẹni pé orí àtẹ̀gùn ni òun wà, tí òfúrufú pupa wà níwájú òun, tí gbogbo abọ́ agbo ilé sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn òun. Nígbà tí aago náà dé ibi tó dá fún un, ó tún fi díẹ̀ sí i, kí àsìkò lè kọjá ibi tí Ẹ̀ṣọ́ ń dúró dè. Lẹ́yìn náà ló tẹ Sátidé, ó tẹ àsìkò, ó sì mú ọwọ́ kúrò.

Ẹ̀ṣọ́ rò ó. Lẹ́yìn náà, àyè mẹ́wàá yọ lójú ẹ̀rọ, kò sí ọ̀rọ̀ ìbínú kankan lókè wọn mọ́.

"Ó ti ṣí," ni Hàwáwù wí jẹ́jẹ́. "Ẹ máa lọ wọlé. Mẹ́wàá péré o."

Ìró ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn dà bí òjò. Orúkọ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ẹ̀rọ, Àdìjátù ló kọ́kọ́ dé, torí ó ti fi àga há ẹnu ọ̀nà mọ́ àwọn yòókù. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé lọ sí èbúté, wọ́n sì gbà á wọlé. Fílọ́pì rẹ̀ wà nínú àpò kóòtù rẹ̀. Kò mú un jáde mọ́ ní ojú Hàwáwù.

Láti ọjọ́ náà ni òfin kan ti wà nílé iṣẹ́ yẹn tí kò sí nínú ìwé kankan: kí Hàwáwù tó tẹ ọjọ́ fún ẹ̀rọ, ẹni méjì gbọ́dọ̀ pe ọjọ́ náà síta. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀fẹ̀. Nígbà tó yá, bí iná bá ti dé báyìí, ọ̀gá á kígbe láti inú yàrá rẹ̀ pé, "Túsìdeè!" ẹlòmíràn á gbè é nísàlẹ̀, wọ́n á sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Àwọn àlejò máa ń rò pé orí wọn yí. Orí wọn pé. Lẹ́yìn ìyẹn, Ẹ̀ṣọ́ kò tún tì mọ́ wọn lórí ní Marina.

Ní ọdún 1998, Ọ̀gá Adéníyì kó ilé iṣẹ́ lọ sí Ìkẹjà, ó fi ọ́fíìsì kékeré kan sílẹ̀ sí Marina fún ìgbàwé. Ó pe Hàwáwù sí yàrá tútù, ó sì dúró síbi fèrèsé, ó kẹ́yìn sí i.

"Mo mọ̀ pé nítorí ohun tó wà níta yìí lo fi gun òkè wá. Bí o bá fẹ́, jókòó síbí. O lè máa gba ìwé wọlé, kí o máa wo omi rẹ. Káyọ̀dé á máa bá wa tọ́jú Ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀."

"Ṣé Káyọ̀dé á lè dúró, sà?"

"Dúró de kí ni?"

"De aago."

Hàwáwù wá síbi fèrèsé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá. Ìkùukùu wà lórí omi lọ́jọ́ náà, Apápá kò hàn, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ sì dà bí ohun tí èèyàn ń gbìyànjú láti rántí. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló yọ wáyà ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi kádígàn bàbá rẹ̀ wé e, ó sì gbé e lé orí ẹsẹ̀ nínú mọ́tò ọ́fíìsì títí tí wọ́n fi gba orí afárá kọjá sí òkè omi lọ́hùn-ún.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, Hàwáwù Ṣàíbù ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ náà ní Ìkẹjà, ní àjà ìsàlẹ̀, nínú yàrá tútù kan tí kò ní fèrèsé. Ìsàlẹ̀ Gángan ló ń gbé, nílé bàbá rẹ̀.